Ààrò Ìyá Rẹ Kò Ní Bọ́ Lọ́wọ́ Wa

Ìjokò,
Ọ̀tà.

Dásọ́lá, Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Kí n tó kí ọ, jẹ́ kí n jíhìn, nítorí ẹni tí wọ́n fowó rán níṣẹ́ tí kò jíhìn, olè ló fẹ́ jọ. ₦15,000 lo fi ránṣẹ́. Àgbàdo kóńgò mẹ́fà ní ₦1,200, ó jẹ́ ₦7,200. Igi ìdáná, ₦2,000. Owó ẹ̀rọ tí wọ́n fi lọ̀ ọ́, ₦900. Ewé tí mo fi bo àgbàdo kó lè hù, ₦300. Ọkọ̀ láti Ìjokò dé Ṣàngó àti àbọ̀, ₦1,000. Owó tí ọmọ oní-POS yọ, ₦300. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦11,700, ó ku ₦3,300. Ibi tí ìyẹn náà gbà lọ, wàá kà á níwájú, má bínú.

Ó yá, mo wá kí ọ báyìí. Ṣé àlàáfíà ni o wà ní Àbújá? Iṣẹ́ ńkọ́? Òtútù tí o ní ó ń jáde lára ògiri ní ọ́fíìsì yín, ṣé ọ̀gá yín ti ra aṣọ òtútù fún yín bí mo ṣe ní kí o sọ fún un? Ẹni tó bá ń rówó ra òtútù fún òṣìṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ ní òun kò rówó ra aṣọ rẹ̀. Olúwa kò ní jẹ́ kí o ṣiṣẹ́ fún ẹni tí kò ní san. Ohun tí o bá fi ọwọ́ ọ̀tún kó jọ, ọwọ́ òsì kò ní tú u ká.

Lórí ₦300 yẹn, Joy ni ọmọ oní-POS náà ń jẹ́, abẹ́ agboòrùn ló ń jókòó sí ní Ṣàngó Toll Gate. Mo bi í pé kí ló gbé owó mi ṣe. Ó ní, Dádì, ṣáájì ni. Mo ní mo gbà pé Àbújá jìn, ṣùgbọ́n bí owó mi bá bá owó ẹlòmíràn wọ ọkọ̀ kan náà wá, ṣé wọn kò ní pín owó ọkọ̀ ni? Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di igi agboòrùn mú. Nítorí náà, nígbà míràn tí o bá fẹ́ fowó ránṣẹ́, wádìí ẹni tó tún ń ránṣẹ́ sí Ìjokò, kí owó yín jọ máa bọ̀.

O ó ti máa rò ó pé kí ló dé tí mo tún padà sí lẹ́tà kíkọ, tí mo wá ń fi rán Démiládé, ọmọ onílé wa, tó ń bọ̀ ní Àbújá. Fóònù ló kú. Ìwọ náà wà níbẹ̀ nígbà tó kú, bóyá o kàn kò mọ ibi tó kú sí ni.

O mọ ẹgbẹ́ apọntí tí ìyá rẹ wà kó tó di olóògbé, àwọn tó ń pàdé ní àgbàlá Ìyáàfin Susanna ní Sátidé ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Olúkúlùkù ló ní ààrò tirẹ̀ níbẹ̀, tí ìyá rẹ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi ìbẹ́pẹ. Òfin wọn ni pé bí ọmọ ẹgbẹ́ bá kú, wọn á fi ààrò rẹ̀ sílẹ̀ fún ọdún kan. Bí ọdún bá pé, ará ilé rẹ̀ kan gbọ́dọ̀ wá pọn ìkòkò ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ kan tí ẹgbẹ́ máa mu kan ìsàlẹ̀. Bí ó bá ṣẹ́ kù, ààrò ti bọ́ nìyẹn. Ẹni tó sì ń dúró dè é ni Ṣọládé, tó ń ṣiṣẹ́ ṣíìfù ní Àgbárá, tó ń pọn ọtí tirẹ̀ nínú kẹ́ẹ̀gì, tó ki rọ́bà bọ̀ ọ́ lẹ́nu, tó ní ibẹ̀ ni ọtí ti ń mí. Ó ti fi ẹsẹ̀ wọn ààrò ìyá rẹ lójú mi. Mo ní láéláé. Èmi ni mo ń pọn omi fún ìyá rẹ, èmi ni mo ń fẹ́ná, èmi ni mo sì ń pariwo pé àgbàdo ti wọ́n jù. Ẹni tó ń pariwo lórí nǹkan fún ọjọ́ pípẹ́ yóò ti mọ̀ ọ́n ṣe.

Mo rẹ àgbàdo, mo fi ewé bò ó, ó hù, mo sá a, mo lọ̀ ọ́, mo sè é, mo sẹ́ ẹ. Ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú ìpàdé, ó ti ń hó wuruwuru, ni o bá pè mí ní ìpè tí a fi ń ríra ẹni, o ní kí n fi ọtí hàn ọ́. Mo na fóònù sí ẹnu ìkòkò. O ní o kò rí i, kí n sún un mọ́ ọn. Mo sún un. O ní òkùnkùn lò ń rí. Mo tún sún un. O ní, Bàbá, díẹ̀ sí i. Dásọ́lá, mo sún un títí kò fi sí ibi tí mo tún lè sún un dé mọ́. Ó rì. Mo tẹ orí sí ẹnu ìkòkò, mo ní, Àbẹ̀kẹ́, ṣé o ń gbọ́ mi? Ọtí hó gbulu kan, mo rò pé ìwọ lo dáhùn, mo ní má fòyà, mò ń bọ̀ wá yọ ọ́.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ bi ọ́. ₦500 owó ìpè tí mo fi owó ara mi rà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ṣé inú fóònù ló ṣì wà, àbí ó ti yọ́ mọ́ ọtí? Nítorí bó bá jẹ́ inú ọtí ni, a ti dà á nù.

Àbí kí n bò ó mọ́lẹ̀ ni? Mo sọ fún ẹgbẹ́ ní Sátidé. Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ dé góńgó. Rauf télọ̀ ní, Bàbá Dásọ́lá, tí èèyàn bá mu ún, ṣé ikùn rẹ̀ ni wọn yóò máa pè? Ṣọládé ní omi bátìrì ti wọ inú rẹ̀, kí wọ́n fún òun ní ààrò òun. Mo ní òfin sọ pé ẹni tó pọn ọtí ló ń kọ́kọ́ mu igbá kan tán kí ẹgbẹ́ máa wo ojú rẹ̀, ẹ gbé igbá wá, mo ṣetán. Mo ti bu ún kan àyà. Alhaja Àdìzát, akápò, ló gbá igbá náà dànù. Alhaja kì í mu ọtí, zóbò ni ó ń sè, ìdí nìyí tí wọ́n fi gbé àpò owó fún un, òun nìkan ni ojú rẹ̀ máa ń dá tí ìpàdé bá parí. Ó gbóòórùn ìkòkò, ó ní ẹnu òun ló ń gbààwẹ̀ ọtí, imú òun kì í gbààwẹ̀, òórùn iná mànàmáná ló wà nínú eléyìí, òun kò ní jẹ́ kí n fi ara mi di òkú èkejì nídìí ààrò kan. Wọ́n da ìkòkò náà sí gọ́tà. Ìyáàfin Susanna ní ọtí tí ẹnì kankan kò tọ́ wò kò tíì jẹ̀bi, kí n tún pọn òmíràn ní ìpàdé tó ń bọ̀. Ṣọládé ní ojúsàájú ni. Wọ́n ní kó lọ bá rọ́bà rẹ̀ mí.

Démiládé ní kí n ri fóònù sínú ìrẹsì. Mo ra kọ́ọ̀pù mẹ́rin, ₦1,000. Ó sùn síbẹ̀ ó jí, kò mira. Mo yọ ọ́, mo se ìrẹsì, nítorí ìrẹsì kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ó ń rùn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó wọnú.

Ó wá ku ₦2,300. Ìkòkò kejì gba ₦10,400, n kò wọkọ̀ lọ síbi kankan. Mo ta àkùkọ dúdú. Ẹni tó rà á san ₦8,000, mo ní kó fi ọgọ́rùn-ún náírà lé e nítorí ọkà tí adìyẹ náà jẹ sùn. Ó lé e. Owó pé géérégé, kọ́bọ̀ kò ṣẹ́ kù.

Lánàá ni ìpàdé. Mo bu igbá àkọ́kọ́, gbogbo wọn ń wo ojú mi. Ó kan díẹ̀ ju ti ìyá rẹ lọ. N kò fajú ro. Ṣọládé ní ojú ẹni tó ń ka kọ́bọ̀ kò ṣeé gbọ́kàn lé, kì í yí padà. Ìyáàfin Susanna gba igbá, ó tọ́ ọ wò. Ó ní, eléyìí kì í ṣe ti Ìyá Dásọ́lá o. Ó tún mu. Ó ní, ti Bàbá Dásọ́lá ni. Ó sì bu òmíràn. Nígbà tí oòrùn fi máa wọ̀, wọ́n ti da ìkòkò dojú bolẹ̀, Ṣọládé sì ni mo bá tó ń fi ìka nu etí igbá. Mo ní ṣé ó ń mí? Ó lá ìka náà.

Ààrò ti di tiwa. Ìgbà náà ni Alhaja ṣí àpò rẹ̀, ó ní ẹni tó bá jogún ààrò ló jogún ohun tó wà lọ́rùn rẹ̀. Owó ìpàdé mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n láti ọjọ́ tí ìyá rẹ ti dákẹ́, ₦500 lọ́kọ̀ọ̀kan, ₦13,000. Igi ìdáná tó gbà láwìn kí a tó gbé e lọ sí ọsibítù, ₦1,500. Ó ń wò mí, ó rò pé n ó ná an bí ẹni ń ná ọjà. Dásọ́lá, èmi tí mò ń bá ẹlẹ́ja jà nítorí ogún náírà, n kò ná an. Wọn kì í bèèrè owó ẹgbẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́. Mo ní ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ kọ orúkọ mi sábẹ́ orúkọ rẹ̀, ẹ má pa tirẹ̀ rẹ́.

Nítorí náà, bí ọwọ́ rẹ bá dẹ̀, fi nǹkan ránṣẹ́. Má ra fóònù olójú ńlá mọ́, kékeré onítítẹ̀ ni kí o rà, èyí tí kò ní fẹ́ wo inú ìkòkò. Olúwa yóò ṣọ́ ọ ní àlọ àti àbọ̀. Iná ìdílé wa kò ní kú mọ́ ọ lójú. Bí a ṣe dúró ti ìyá rẹ, àwọn ọmọ rẹ yóò dúró tì ọ́.

Èmi ni bàbá rẹ,
Gbọ́ládé.

Ohun tó kù láti san lórí ààrò ìyá rẹ: ₦14,500. N kò tíì san kọ́bọ̀.