Irin Wáfù Tó Lọ Sílé Ìṣẹ̀ǹbáyé

Gunnvor, ọmọ mi àtàtà,

Wá ibi jókòó sí kí o tó ka ìwé yìí. Tí o bá wà lórí ìdúró, sọ fún wọn níbi iṣẹ́ pé ọ̀rọ̀ ńlá délé. Pẹ̀lú ìbànújẹ́ ni mo fi ń sọ fún ọ pé láti ìgbà Àjíǹde tí o ti gbé irin tí ìyá rẹ fi ń yan àkàrà wáfù lọ, wáfù kò tíì wọ ẹnu ẹnikẹ́ni nílé yìí. Ara ìyá rẹ le. Ara tèmi náà le, àfi orúnkún. Àwọn àgùntàn ń kí ọ. Àdúrà wa ni pé kí òtútù Bergen má mú ọ, kí òjò ibẹ̀ sì máa rọ̀ sórí àwọn tó ń gbowó oṣù.

Mi ò bá ọ jà o. Ìwọ lo sọ pé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ni, pé inú Ìyáàfin Lothe, ọ̀gá yín nílé ìṣẹ̀ǹbáyé, máa dùn tí o bá mú nǹkan wá láti ìlú rẹ, bóyá ó tiẹ̀ lè torí ẹ̀ fún ọ níṣẹ́ gidi tó lówó oṣù. Ìyá rẹ fọ irin náà, ó nù ún, ó fi ìwé ìròyìn wé e bí ọmọ tuntun. Ó di oṣù mẹ́fà báyìí. Irin ti ríṣẹ́ síbẹ̀, ìwọ ò tíì rí.

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà le ni òrùlé abà. Ìjì ṣí ìdajì rẹ̀ ní oṣù Kẹjọ, bẹ́ẹ̀ àwọn àgùntàn gbọ́dọ̀ wọlé kí yìnyín tó bẹ̀rẹ̀. O mọ̀ pé ní Skarvedal níbí, tí òrùlé èèyàn bá ṣí, ọ̀wẹ̀ ló máa bẹ̀, wáfù gbígbóná ló sì fi ń gba àwọn tó bá wá lálejò. Mo bẹ ọ̀wẹ̀. Ọkùnrin mẹ́jọ wá pẹ̀lú àkàbà. Ìyá rẹ gbé búrẹ́dì àti wàràkàṣì jáde. Tollef aládùúgbò wa wo tábìlì, ó wo ìyá rẹ, ó ní, Ìyá Gunnvor, ta ló kú tí wáfù ò fi sí? Ó ní òun ní búrẹ́dì nílé, òun kì í sì í gun òrùlé kí òun tó jẹ ẹ́. Wọ́n mu kọfí wa tán, wọ́n lọ. Òòlù Tollef nìkan ló kù, ó sì padà wá mú un lọ́jọ́ Àìkú.

Ìdí nìyẹn tí a fi wá sí Bergen láti wá yá irin wa padà. A wọ bọ́ọ̀sì, a wọ ọkọ̀ ojú omi, a tún sanwó ẹnu ọ̀nà kí a tó rí ohun ìdáná wa. Wọ́n kọ ọ́ sára gíláàsì pé àwọn ará abúlé ló ń lò ó láyé àtijọ́. Gunnvor, ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Àjíǹde la lò ó kẹ́yìn. Nígbà tí ìyá rẹ nawọ́ sí i, ìwọ tí o wọ ìbọ̀wọ́ funfun bí ẹni tó fẹ́ gbẹ̀bí àgùntàn, o ní, Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án. Irin tó ti jó ìyá rẹ lọ́wọ́ fún ogójì ọdún!  Nígbà tí a ń padà lórí omi, ìyá rẹ ní ó kéré tán, ọmọ náà sọ ọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Kí a tó kúrò níbẹ̀, mo bẹ Ìyáàfin Lothe pé kó yá wa ní irin náà fún Sátidé kan péré. Ó ní irin náà ò gbọ́dọ̀ kúrò nínú yàrá tí ooru rẹ̀ jẹ́ ìwọ̀n méjìdínlógún. Mo ní wáfù ò lè jiná nínú ìyẹn. Ó wá yìn ọ́ gan-an, ó ní ìmọ̀ iṣẹ́ àti ìrírí tí o ń gbà lọ́dọ̀ àwọn, owó ò lè rà á.

Mo rò ó nínú bọ́ọ̀sì. Tí owó ò bá lè rà á, a jẹ́ pé ó ju owó lọ. Ní Mọ́ńdè, mo lọ sí báǹkì. Mo sọ fún ọmọkùnrin ibẹ̀ pé ọmọ mi ní ìrírí oṣù mẹ́rìnlá tí kò tíì ná rárá, èló ni wọ́n lè yá mi lé e lórí? Ó ní ṣé ilẹ̀ ni? Mo ní rárá, inú ọmọ ló wà. Ó pe ẹnì kejì rẹ̀, àwọn méjèèjì wá a nínú kọ̀ǹpútà, wọn ò rí nǹkan kan. Jọ̀ọ́, bi Ìyáàfin Lothe bóyá ó ń san án sí báǹkì mìíràn ni.

Mi ò ní kí o fowó ránṣẹ́, mo mọ̀ pé kò sí. Fi ìrírí náà ránṣẹ́, kódà ìdajì. Tí kò bá ṣeé fi ránṣẹ́ bí ìwé, gbé e wá fúnra rẹ, kí o sì wọ bàtà òjò. Kí Ọlọ́run, tí òun náà kò gbowó oṣù rí, má gbàgbé rẹ.

Ohun kan tún ti yé mi. Tí àwọn ọmọ tó kàwé bá ń du iṣẹ́ ọ̀fẹ́ mọ́ ara wọn lọ́wọ́ láìsí wáfù, a jẹ́ pé àwa la ò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ ọ̀wẹ̀. Bá mi lẹ ìwé ìsàlẹ̀ yìí mọ́ ògiri ibi iṣẹ́ yín.

Bàbá rẹ,
Oddleif

ÌKÉDE
Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Abà Skarvedal ń wá ọ̀dọ́ mẹ́jọ tó máa yọ̀ǹda ara wọn láti tọ́jú òrùlé ayé àtijọ́. Sátidé, aago mẹ́jọ àárọ̀. Owó kò sí. Ìmọ̀ iṣẹ́ àti ìrírí wà. Ẹ má fọwọ́ kan àgùntàn. Kí oníkálukú mú àkàbà dání. Ipò kan ṣoṣo tó ní owó oṣù ni ti Olùdarí, Olùdarí sì ti wà níbẹ̀. Ọmọ Olùdarí gbọ́dọ̀ kọ̀wé béèrè bíi ti ẹlòmíràn.