Ìbẹ̀rẹ̀ Tí Mo Gé Dànù

Màámi,

Ẹ má pè mí ní aláìlẹ́kọ̀ọ́ pé n kò kọ́kọ́ kí yín. Ìwé tí mo fi ń kọ́ bí a ṣe ń tún ìtàn kọ ló ní kí á gé ìbẹ̀rẹ̀ dànù. Mo gé ti ìtàn mi, adùn rẹ̀ sì pọ̀ sí i, ni mo bá gé ti lẹ́tà yìí náà. Àbí ẹni tó kọ ìwé ọ̀hún kì í kọ lẹ́tà sí ìyá rẹ̀ ni?

Ohun tí mo gé kò tó nǹkan: bí àkàbà ṣe yẹ̀ níbi iṣẹ́ àti ohun tí dókítà wí ni. Ara mi le.

Ẹ bá mi kí Bàbá. Kí wọ́n má bínú pé ọwọ́ òsì ni mo fi kọ̀wé kí wọn.