Ilé Tí Òjò Lé Mi Wọ̀ ní Ìlọrin

Ìyá mi àtàtà,

Mo kí yín o. Ẹ má wo bí ọwọ́ mi ṣe rí wágunwàgun. Ìwé kíkọ kò tíì mọ́ mi lára. Kíláàsì àwọn àgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti ń kọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ tó wà nínú mi tóbi ju ẹnu mi lọ, ẹ̀yin ló sì yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Mo lọ sí Ìlọrin. Mo mọ̀ pé ẹ kò ní fẹ́. Nígbà ayé yín, bí ẹnikẹ́ni bá ti dárúkọ ìlú náà, ẹ ó dìde, ẹ ó lọ máa gbá àgbàlá tí ẹ ti gbá tẹ́lẹ̀. Ẹnu àwọn ará ilé ni mo ti gbọ́ pé ẹ bí ọmọbìnrin kan ṣáájú mi, pé àwọn jagunjagun Ìlọrin gbé e lóko nígbà tí mo ṣì wà lẹ́yìn yín. Ẹ kò sọ̀rọ̀ rẹ̀ sí mi rí. Ọjọ́ tí ẹ ń lọ ni mo tó gbọ́ orúkọ náà lẹ́nu yín: Àwẹ̀ró. Kí ló dé tí ẹ fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀?

Aṣọ kíjìpá tí mo hun ló gbé mi dé Ìlọrin. Kò tà ní Ọ̀sí wa níhìn-ín, kò tà ní Ìlọfà, ọ̀nà sì ti là báyìí, ẹnìkan kì í jí ẹnìkan gbé mọ́. Mo tẹ̀ lé àwọn obìnrin kan. A kọjá Òmù-Àrán tán ni ẹsẹ̀ mi wú. Wọn kò lè dúró dè mí. Mo jókòó sẹ́bàá ọ̀nà, mò ń sunkún bí ọmọdé.

Ọkùnrin Haúsá kan ń da kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀ bọ̀. Kò gbọ́ èdè mi, èmi náà kò gbọ́ tirẹ̀. Ó gbé ẹrù mi sórí ẹran rẹ̀, ó sì ṣẹ́wọ́ sí mi pé kí n máa bọ̀. Mo sọ nínú ọkàn mi pé aṣọ mi ti lọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ṣe ló ń rọra rìn nítorí mi. Bí ó bá dúró kírun, èmi ni yóò kọ́kọ́ bu omi fún kí òun tó mu. Nígbà tí a wọ Ìlọrin, ó sọ ẹrù náà kalẹ̀ lábẹ́ igi kan, ó rẹ́rìn-ín, ó ń lọ. Kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Títí di òní n kò mọ orúkọ rẹ̀.

Àdúgbò tó já mi sí kì í ṣe ibi tí àwọn ẹgbẹ́ mi wọ̀ sí. Òjò bá dé. Obìnrin kan ké sí mi láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

“Ìwọ aláṣọ, wọlé! Ṣé o fẹ́ kí ọjà rẹ bàjẹ́ ni?”

Ìyá mi, gbogbo ẹ̀rù yín ló dá ẹsẹ̀ mi dúró. Mo wá rántí ọkùnrin tí mo pè ní olè nínú ọkàn mi. Mo wọlé.

Ó fún mi ní ẹ̀kọ gbígbóná, ó fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ ẹsẹ̀ mi. Àrá sán, ọmọ rẹ̀ kékeré figbe ta. Ó tẹ́ ẹ sórí ẹní, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i ní àtàrí, ó ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ náà méjèèjì ra ara wọn, ó ní, “Sùn, ilé ò jìnnà.”

Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ bí kò ṣe ẹ̀yin?

Mo bi obìnrin náà pé, “Ta ló kọ́ yín?”

“Ìyá tó bí mi ni. N kò rántí ojú rẹ̀ mọ́. Èyí nìkan ló kù sí mi lọ́wọ́.”

“Níbo ni wọ́n ti bí yín?”

“Wọ́n ní Ọ̀sí ni.”

Ṣẹ́fíátù ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Mo rọra pe orúkọ tí mo gbọ́ lẹ́nu yín. “Àwẹ̀ró.”

Igbá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ níwájú mi, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá ojú mi mú, ó ń wò ó.

“Ṣé ìyá mi wà láàyè?”

Ojú mi ló dá a lóhùn. A sunkún títí ọkọ rẹ̀ fi ti mọ́ṣáláṣí dé, ó ṣebí ìjà la ń jà.

Ìyá mi, ẹ ò ṣe dúró díẹ̀ sí i? Ṣé ẹ̀yin lẹ rán ẹsẹ̀ wíwú yẹn sí mi, àbí ó kàn wú ni? Bí òjò bá pẹ́ díẹ̀ kó tó rọ̀ ńkọ́? Mo ń rò ó lójoojúmọ́, kì í ṣe pẹ̀lú ìbànújẹ́.

Lẹ́yìn Iléyá ni ọkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ mú un wá sí Ọ̀sí. Àwẹ̀ró kò gbọ́ èdè Ọ̀sí wa dáadáa mọ́, ti Ìlọrin ló mọ́ ọn lẹ́nu. Bó bá gbìyànjú, gbogbo ilé á máa rẹ́rìn-ín, òun náà á fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín, bí ẹ ṣe máa ń ṣe. Ẹnìkan kò fi ibi tí a sin yín sí hàn án. Ó wọ yàrá tí ẹ wà, ó dùbúlẹ̀ lé ibẹ̀ gan-an.

Ó ní kí n bá òun kọ ọ́ síhìn-ín pé òun ń jẹun yó, pé òun ti bímọ, pé ọkọ òun kò nà òun rí. Ó ní kí ẹ jọ̀wọ́ sinmi, kí ẹ má wá òun kiri mọ́.

Àwa ọmọ yín méjèèjì la kí yín.
Ọwọ́ èmi àbúrò ló kọ ọ́.