Àwọn Ewúrẹ́ Oníjìgí àti Ìka Bàámi

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Kẹfà

Wọ́n dá Bàámi padà sílé láti ọsibítù. Dókítà ní rọpá-rọsẹ̀ ti mú ọ̀rọ̀ lọ, ó ti mú ọwọ́ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún lọ, ṣùgbọ́n etí ṣì ń gbọ́, ọpọlọ ṣì pé. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé Bàámi á máa gbọ́ gbogbo ìmọ̀ràn Àǹtí Òfin láìlè dá a lóhùn. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Àǹtí Òfin ni àbúrò rẹ̀ obìnrin. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Iṣẹ́ tíṣà ni kò tíì fẹ̀yìn tì lára rẹ̀. Àtìgbà tí Màámi ti kú ló ti ń gbé pẹ̀lú wa.

A tẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sí pálọ̀, lẹ́bàá fèrèsé. Ó wo àjà. Ó wò mí. Ó ṣe ojú tó máa ń ṣe bí àlejò bá pẹ́ jù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 oṣù Kẹfà

Búrẹ́dì tí mo rẹ sínú tíì: ìdajì wọnú, ìdajì wọ ọrùn aṣọ. Mo bi í pé ṣé ebi ń pa ọrùn náà ni. Ó rín ẹ̀rín. Àṣé ẹ̀rín ò bá ọ̀rọ̀ lọ.

Ọjọ́bọ̀, 6 oṣù Kẹfà

Mo gbé àpótí ìwé ìròyìn orin jáde lábẹ́ àga. Ojú rẹ̀ là.

Kó lè yé ìwọ ìwé yìí, nítorí wọn ò tíì ṣe ọ́ nígbà náà (wọn ò tíì ṣe èmi náà): láàárín ọdún 1974 sí 1978, Bàámi ta gìtá béèsì nínú ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì kan tó ń jẹ́ Àwọn Ewúrẹ́ Oníjìgí. Mẹ́rin ni wọ́n. Irùngbọ̀n òwú, jìgí dúdú, épírọ̀nù ilé ìdáná. Wọ́n á gbé bẹ́ẹ̀dì gun orí ìtàgé, akọrin á sùn lé e títí orin àkọ́kọ́ á fi parí, wọ́n á wá bẹ àwọn èrò pé kí wọ́n rọra pàtẹ́wọ́ kó má baà jí. Orin wọn tó lókìkí jù ni “Ẹ Má Bínú, A Ò Tíì Bẹ̀rẹ̀”. Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ni wọ́n fi ń yí okùn gìtá, tí wọ́n ń tọrọ àforíjì. Bí orin ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ báyìí ló tán. Àwọn èèyàn rà á o. Nígbà yẹn àwọn ẹlòmíì ti lọ sí òṣùpá bọ̀.

Àwọn ọmọ tó kù fi ajá àti bàtà kọ́ ìwé kíkà. Ìwé ìròyìn orin ni Bàámi fi kọ́ mi. Gbólóhùn tí mo kọ́kọ́ dá kà láyé mi ni: “Wọ́n ní a kì í ṣe olórin, àwa náà gbà bẹ́ẹ̀.” Mo máa ń kà á sókè fún un lẹ́yìn iṣẹ́, màá máa tún àṣìṣe wọn ṣe. Ìyẹn ló fi sọ mí ní Èdítọ̀. Èdítọ̀, wá jẹun. Èdítọ̀, ta ló fọ́ gíláàsì yìí?

Eré kan wà láàárín wa. Màá ṣí àwòrán ẹgbẹ́ náà, màá ní, “Bàámi, èwo lẹ̀yin níbẹ̀?” Lónìí á fi ìka lé ẹni àkọ́kọ́. Lọ́la, ẹni kẹta. Lọ́jọ́ kan, ó fi lé sípíkà. “Èmi nìyẹn. Ṣé o ò rí bí mo ṣe sanra ni?” Bí mo bá bínú, á ní, “Ọjọ́ tó o bá dá mi mọ̀ níbẹ̀, o ti dàgbà nìyẹn.”

Mo ti pé ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Mo ní díplómà nínú iṣẹ́ ìtẹ̀wé láti póólì. Mi ò tíì dàgbà.

Lónìí mo ṣí èyí tó fẹ́ràn jù, àwòrán tó gba ojú ewé méjì. Ewúrẹ́ mẹ́ta níwájú ọkọ̀ akẹ́rù, tirùngbọ̀n tirùngbọ̀n, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ẹni máa ṣubú. Lábẹ́ rẹ̀ ni ìwé kọ orúkọ orí ìtàgé wọn sí: Ọ̀gbẹ́ni Ariwo lápá òsì, Dókítà Gbìn láàárín, Ẹ̀gbọ́n Gíga lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Dókítà Gbìn ni Bàámi. Ìwé ní Ìjì onílù kò yọjú lọ́jọ́ náà. Ẹni kẹrin wà létí ìwé pátápátá, kò ní irùngbọ̀n, kò ní jìgí, ó gbé sípíkà, ó ya ẹnu bí ẹni tí eyín ń dùn. Ìwé ní awakọ̀ wọn ni.

Bàámi gbé ọwọ́ òsì. Ìka ìlábẹ̀ rẹ̀ ń lu etí ìwé. Gbìn. Gbìn. Gbìn-gbìn.

Béèsì! Ọwọ́ òsì náà ló fi ń tẹ okùn láyé ijọ́un. Mo fi ẹnu gbé e. Ó tún lù ú. Mo tún gbé e. A ṣe é títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo rò pé ọjọ́ tó dára jù látìgbà tí ó ti ṣàìsàn nìyí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 oṣù Kẹfà

Àǹtí Òfin bá wa nídìí ìwé. Ó ní, “Ìwé àwọn aláìríkan-ṣèkan yìí lo tún tẹ́ síwájú ẹ̀gbọ́n mi?”

Mo ní, “Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbádùn ara wọn, Àǹtí.”

“Ó ti gbádùn jù. Ìgbádùn náà ló dá a dùbúlẹ̀ yìí. Ẹni tó yẹ kó di lọ́yà.”

Bàámi yọ ahọ́n sí i. Ahọ́n náà wọ́, ó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó rán an ni ó jẹ́.

Nírọ̀lẹ́ mo gba ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kọjá. Àǹtí ń tún ìrọ̀rí rẹ̀ ṣe, ó ń fi imú kọrin sábẹ́lẹ̀. “Ẹ má bínú, a ò tíì bẹ̀rẹ̀.” Ó mọ gbogbo rẹ̀. Ó mọ ibi tí okùn kẹta ti ń já.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 oṣù Kẹfà

Níbi iṣẹ́. Ọ̀gá mi ni mo ń pè ní Ó-Di-Ọ̀la, nítorí kò sí oníbàárà tí kì í sọ ọ́ fún. Lónìí ọkọ ìyàwó kan wá gba ìwé ìpè ìgbéyàwó. Ọ̀gá ní ó di ọ̀la. Ọkùnrin náà ní, “Àná ni ìgbéyàwó, sà.” Ọ̀gá ní kó má bínú, wọ́n á fi ṣe ìrántí.

Mo sọ ọ́ fún Bàámi. Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi wúkọ́. Lẹ́yìn náà ó na ìka sí àpótí. Ìwé kan náà. Etí kan náà. Gbìn, gbìn. Ìka náà máa ń tutù nítorí tíì tó ń kán sí i, bébà àtijọ́ sì ń mu omi bí aṣálẹ̀. Mo nù ún.

Ọjọ́bọ̀, 13 oṣù Kẹfà

Inú bí i lónìí. Ó ń lu ìwé kíkankíkan, mo ń fi ẹnu gbé béèsì lọ, ó mi orí. Mo mú un yára. Ó mi orí. Mo fà á díẹ̀. Ó gba ìka mi mú, òun fúnra rẹ̀, ó fi gbá etí ìwé náà: níbí, níbí, níbí.

Mo ní, “Ó yé mi, Bàámi. Mo ti ń ṣáájú yín jù.”

Ó wò mí pẹ́. Ó wá di ojú. Omi bọ́ lójú kan ṣoṣo, èyí tí ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Mo ní, “Ẹ wò ó, orin ayé àtijọ́ ti ń pa yín lẹ́kún.”

Ọjọ́ Àìkú, 16 oṣù Kẹfà

Bàámi kú láàárọ̀ yìí. Mo ń rẹ búrẹ́dì lọ́wọ́.

Ọjọ́ Ajé, 17 oṣù Kẹfà

Tíì náà ṣì wà lórí tábìlì. Kò sẹ́ni tó fẹ́ gbé e.

Ọjọ́rú, 19 oṣù Kẹfà

Ìwé ìkéde ìsìnkú. Àǹtí fẹ́ àwòrán ìfẹ̀yìntì rẹ̀, èyí tó so táì sí, tí ó le ojú bí ẹni tí wọ́n fẹ́ dìbò fún. Mo ní rárá. Mo ní Bàámi ti sọ ọ́ tipẹ́ pé òun ò fẹ́ kí wọ́n fi òun sórí bébà bí ẹni tí kò ṣeré rí. Mo fẹ́ kí gbogbo èèyàn rí Dókítà Gbìn. Ó kéré tán, kí n fi ẹni tó jẹ́ gan-an sin ín. Mi ò ní nǹkan míì tí mo lè ṣe fún un mọ́.

Mo fi ẹni tó wà láàárín han Àǹtí.

“Òun nìyí?”

“Òun ni. Ìwé kọ ọ́ síbẹ̀.”

“Kò jọ ọ́.”

“Irùngbọ̀n ni, Àǹtí.”

“Imú ńkọ́? Imú náà lẹ́ mọ́ irùngbọ̀n ni?” Ó wá mí kanlẹ̀. “Ó dáa. Ìwọ lo kọ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wé.”

Èmi ni mo kọ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wé. Tíì ti ba etí ìwé náà jẹ́, ó ti rí wúruwùru, kò sì lè tẹ́ sílẹ̀ dáadáa fún ẹ̀rọ tó ń gba àwòrán. Olùkọ́ wa ní póólì máa ń sọ pé ohun tó bá ti ya létí, ẹ gé e, kó má baà ya wọ àárín. Mo tẹ́ ojú ewé náà sábẹ́ ẹ̀rọ ìgéwèé. Ó gé e bíi bọ́tà. Mo sọ àgékù sínú àpò àgékù. Mo mú ẹni àárín, mo sọ ọ́ di ńlá, mo kọ orúkọ Bàámi sí abẹ́ rẹ̀.

Mo ní kí n fi títẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ di ọ̀la. Ọ̀gá ló ta kò ó. Ó ní, “Ti ikú kì í di ọ̀la.” Ó dúró ti ẹ̀rọ fúnra rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 21 oṣù Kẹfà

Mo gbọ́ ẹ̀rín lẹ́nu géètì. Àgbàlagbà gíga kan dúró síwájú ìwé ìkéde tí a lẹ̀ mọ́ ògiri, ó ṣí fìlà sí i, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Mo ní, “Ẹ káàbọ̀, sà. Ta lẹ̀yin?”

Ó na ọ̀pá ìtilẹ̀ sí àwòrán náà. “Òkú yìí ni mí.”

Ó ní òun ni Ìjì. Onílù. Ẹni tí ìwé ní kò yọjú.

Mo fún un ní ìjókòó. Ó kọ́kọ́ wo bẹ́ẹ̀dì tó ṣófo. Ó wá ṣàlàyé. Òfin kan wà nínú ẹgbẹ́ wọn: kò sí Ewúrẹ́ tó gbọ́dọ̀ dúró sábẹ́ orúkọ ara rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn. Àwọn oníròyìn á kọ orúkọ wọn tẹ́lẹ̀, àwọn á pààrọ̀ àyè kí ayàwòrán tó tẹ̀ ẹ́. Ọdún mẹ́rin, kò sí ìwé tó dá wọn mọ̀ dáadáa. Ó ní, “Bàbá rẹ ló dá òfin náà sílẹ̀. Aláìnítìjú gbáà. Wò ó báyìí, ó ti kú tán, ó ṣì tún fi mí rọ́pò ara rẹ̀.”

Mo rẹ́rìn-ín. Ó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ Àìkú.

Ó wá ní, “Ṣùgbọ́n kí ló dé tẹ́ ẹ gé Gbìn kúrò? Àwòrán yẹn ló fẹ́ràn jù láyé.”

Mo ní, “Gbìn wo?”

“Èyí tó wà létí. Tó gbé sípíkà.”

“Awakọ̀?”

“Awakọ̀ wo? Ta la ní tí a máa fi ṣe awakọ̀? Sìgá ló ràn mọ́ irùngbọ̀n òwú ẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó gbiná fòò! Ó bọ́ ọ sọnù, ó bọ́ jìgí sọnù, ó ń ya ẹnu, ó ń pariwo. Ohun tó ń pa wá lẹ́rìn-ín nìyẹn, ìwọ ọmọ yìí. Ayàwòrán bá tẹ̀ ẹ́. Onírùngbọ̀n mẹ́ta ni oníròyìn kà, ló bá kọ ọ́ pé èmi ò yọjú, ó sọ Gbìn di awakọ̀. Nínú gbogbo ìwé ìròyìn tí wọ́n tẹ̀ nígbà náà, ibẹ̀ nìkan ni ojú bàbá rẹ wà. Ó ní òun ń tọ́jú ẹ̀ de ọmọ òun, ó fẹ́ mọ ọjọ́ tó máa dá òun mọ̀.”

Níbí, níbí, níbí. Kì í ṣe béèsì. Látìgbà tí ó ti ń tọ́ka sí ẹni tí kì í ṣe òun, tó ń tọ́ka sí sípíkà, ẹ̀ẹ̀kan yìí ni kò ṣeré. Èmi sì ń fi ẹnu kọrin sí i.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 oṣù Kẹfà

Mo sáré lọ síbi iṣẹ́. Ọ̀gá ní àwọn ẹlẹ́yin ti wá béèrè àpò àgékù lánàá kí wọ́n fi di ẹyin, òun sì ní ó di ọ̀la. Mi ò dúró gbọ́ tán, mo dì mọ́ ọn. Kò mọ ohun tí yóò fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe.

Mo da àpò náà sílẹ̀. Mo rí i lábẹ́ àwọn àgékù ìwé ìpè ìgbéyàwó. Ó rí tóóró, bí ìgbànú. Sípíkà wà níbẹ̀, ó mọ́. Bọ́tìnì ẹ̀wù wà, mo lè kà á. Etí méjèèjì wà.

Ojú kò sí. Ibẹ̀ funfun, ó rọ̀, bébà ti tú. Gbogbo ọjọ́ tí ó fi ń sọ fún mi pé òun nìyí ni ìka tútù yẹn fi ń nù ún kúrò. Láti kékeré ni mo ti ń wo awakọ̀ yẹn. Mo ti ń gbìyànjú láti àárọ̀ láti rántí ojú rẹ̀. Ẹnu nìkan ni mo rántí.

Ọjọ́ Àìkú, 23 oṣù Kẹfà

Mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ padà. Ojú ìgé náà hàn. Mo máa ń rò pé ayàwòrán ni àwọn mẹ́ta yẹn ń wò. Òun ni wọ́n ń wò.

Àǹtí Òfin dúró lẹ́yìn mi. Mo rò pé á ní mo ń fi gọ́ọ̀mù ba tábìlì jẹ́. Ó ní, “Òun nìyẹn.”

“Báwo lẹ ṣe mọ̀, Àǹtí? Kò lójú.”

“Ẹsẹ̀ ẹ̀. Bó ṣe máa ń dúró nìyẹn bí ìyá wa bá ń bá a wí.” Ó wo àwòrán náà díẹ̀ sí i. “Ó fẹ́ sá.”

Ó ní kí n tú ìwé ìkéde ti géètì, kí n tẹ òmíràn, kí n má fi nǹkan kan bo ibi funfun náà. Lọ́la la ó sin ín.

Bàámi, mo ti dá yín mọ̀. Létí, lápá ọ̀tún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sípíkà. Mo fi ìka lé ibẹ̀. Ó ṣe rẹ́gí. Ẹ ní mo ti dàgbà nìyẹn.