Àwo Mojí

Ìyé mi tí ọkàn mi ń fà sí,

Mojí ti padà sí wọ́ọ̀dù láàárọ̀ yìí. Àǹtí Fẹ́yi, àbúrò yín, ló bá a wọ takisí lọ sí Òkìtìpupa.

Ẹ ti fi ayé sílẹ̀ kí àyẹ̀wò tó fi hàn pé kòkòrò Éèdì wà lára àbíkẹ́yìn yín. Ikọ́ ló gbé e dé ilé ìwòsàn. Oògùn ikọ́ náà ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá ó sá wá sílé ní Igbotako, ó ní òun á kúkú kú sínú yàrá yín. Ní wọ́ọ̀dù, wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sí àwo rẹ̀ nìkan. Ẹni tó ń pín oúnjẹ á gbé e sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, á yí padà.

Iṣẹ́ mi ní Àkúrẹ́ báyìí ni kí n máa kọ ìròyìn lórí bí ìtọ́jú àwọn tó ní kòkòrò yìí ṣe dára tó. Èmi àti àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ti dé wọ́ọ̀dù yẹn. Ìbọ̀wọ́ wà, oògùn wà, abẹ́rẹ́ tuntun wà, omi ń yọ. Wọ́n gba máàkì tó dára. Nígbà tí Mojí gbọ́, ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi dé. Ó ní kí ọ̀gá wa kọ́kọ́ wá fi àwo òun jẹun ná.

Ẹ̀yin ni mo rántí. Nígbà tí mo wà ní kékeré, lọ́sàn-án Sátidé, ẹ óò họ ara dúdú púpurú, ẹ̀gẹ́ tí a fi èéfín yan, ẹ óò gún un, ẹ óò rò ó, a ó sì gbé e lọ fún obìnrin ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì tí egbò bo ẹsẹ̀ rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kì í yà kí. Ẹ óò jókòó sórí ẹní rẹ̀, ẹ óò bu òkèlè àkọ́kọ́ nínú abọ́ rẹ̀, ẹ óò máa ròyìn ẹ̀gẹ́ tí òjò bà jẹ́ bí ẹni pé ẹ ò rí egbò kankan. Tí a bá ń bọ̀ wálé, ẹ óò di ọrùn ọwọ́ mi mú bí ọ̀pá, ẹ óò máa kun orin. Ta ló kọ́ yín? Kí ló dé tí mi ò béèrè?

Mo ti fi ìbéèrè kan kún iṣẹ́ wa: báwo ni oúnjẹ ṣe ń dé ọ̀dọ̀ aláìsàn? Ọ̀gá mi kò tíì fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n mo lọ bá olórí nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù náà lánàá, mo ròyìn ẹ̀yin àti obìnrin ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì fún un. Ó ní láti òní lọ, àwo kan náà ni gbogbo wọn yóò máa lò, òun fúnra òun ni yóò sì gbé ti Mojí wá. Ìlérí yẹn nìkan ló mú un wọ takisí. Tí wọ́n bá tún gbé àwo pupa síwájú rẹ̀, kò ní dúró, ikọ́ yìí yóò sì mú un lọ.

Àǹtí Fẹ́yi dúró tì í títí oúnjẹ ọ̀sán yóò fi dé. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà yín, mò ń gbọ́ ọ̀kadà tó ń kọjá. Ọ̀sán ti pọ́n. Àǹtí Fẹ́yi kò tíì padà dé, mi ò sì tíì mọ àwo tí wọ́n gbé fún Mojí.

Èmi ni,
ọmọ yín tí ẹ fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe ọ̀pá.