Ààbọ̀ Hóró Tí Màmá Fún Ológbò Mi

Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun alẹ́

Ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko ní Láfẹ́nwá ni Dúdú, ológbò mi, kú sí lọ́sàn-án yìí. Dókítà ní parasitamọ́ọ̀ ló pa á, pé májèlé gbáà ni fún ológbò.

Ara rẹ̀ gbóná lánàá. Kí n tó ti ṣọ́ọ̀bù dé, Màmá ti lọ ààbọ̀ hóró parasitamọ́ọ̀ sínú omi ẹja fún un, bí wọ́n ṣe máa ń lọ̀ ọ́ sínú ẹ̀kọ fún wa nígbà tí ara wa bá gbóná ní kékeré. Ta ni mo fẹ́ bínú sí?

Mo ti kó gbogbo oògùn ilé sínú kọ́bọ́ọ̀dù, mo sì tì í pa. Ó ti pẹ́ jù.

Màmá bi mí nírọ̀lẹ́ pé, "Dúdú ńkọ́?"

Mo ní, "Ó ti sùn, Màmá."

"Alhamdulillahi. Mo mọ̀ pé oògùn yẹn máa ṣiṣẹ́."