Okùn tí Wọ́n So Mọ́ Ọ Lórí Afárá

Moelagi, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Láti ọjọ́ Ẹtì ni oorun ti kọ̀ mí sílẹ̀. Abo ẹlẹ́dẹ̀ wa ti tó bímọ, kò bí. Ikọ́ ìyá rẹ kò tán. Páànù ilé ìdáná ń jò. Èyí tó wá burú jù ni pé o wà lẹ́wọ̀n. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé o ò sí níbẹ̀ mọ́, àní pé o ò tilẹ̀ débẹ̀ rí, gẹ́gẹ́ bí tíṣà Sakaria ṣe ṣàlàyé fún mi láàárọ̀ yìí. Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara ọkọ rẹ le? Olúwa tó ń ṣọ́ ẹja nínú ibú yóò máa ṣọ́ yín ní Sydney. Àmín.

Má fi mí rẹ́rìn-ín. Àwòrán tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù ló fà á, nítorí bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra ni mo ṣe kà wọ́n. Nínú èkíní, o dúró níwájú ilé ńlá funfun kan létí omi, tí òrùlé rẹ̀ yanu bí ẹja tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde. Mo ní ilé ẹjọ́ nìyí, torí ta ló tún lè ní irú ilé bẹ́ẹ̀ bí kò ṣe adájọ́? Nínú èkejì, wọ́n ti kó yín sínú ọkọ̀ ojú omi. Ẹ̀kẹta ló já mi láyà: ìwọ àti àwọn ènìyàn bíi mẹ́wàá nínú aṣọ aláwọ̀ eérú kan náà, okùn ní ìbàdí olúkúlùkù, ẹ tò lórí irin afárá tó ga ju igi àgbọn mẹ́wàá lọ. Mo ní wọ́n ti dájọ́, iṣẹ́ àṣekára ni wọ́n rán yín lọ ṣe. O ń rẹ́rìn-ín lóòótọ́, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ lo ti ń ṣe láti kékeré bí ẹ̀rù bá bà ọ́. Nínú ẹ̀kẹrin, wọ́n fún ọ ní áísìkiriìmù, mo sì gbàdúrà fún ìjọba tó ń ṣàánú ẹlẹ́wọ̀n.

Mo da ojú fóònù délẹ̀ sí ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀ kókò, kí àwọn ọlọ́pàá má baà gba inú rẹ̀ rí ilé wa. Ó dún, ó dún, n kò gbé e. Mo gbé ẹní àtàtà tí ìyá mi hun jáde, mo ní n óò wá fi borí, n óò kúnlẹ̀ níwájú ilé ẹni tí o ṣẹ̀ títí yóò fi dárí jì wá, bí a ti ń ṣe níhìn-ín. Ìyá rẹ ní, Bàbá Moelagi, ṣé afárá ní ẹnu ọ̀nà tí ẹ óò kúnlẹ̀ sí ni? Mo ní kò sí afárá tí kò ní bàbá. Lẹ́yìn náà ni àwa méjèèjì sunkún.

Nígbà tí tíṣà wá ra kókò láàárọ̀ yìí ló rí fóònù. Mo ro ẹjọ́ fún un. Ó wo àwòrán, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀rín ṣubú. Ó ní, Bàbá, ìgbafẹ́ ni! Ó ní àwọn ènìyàn ń sanwó ni láti gun afárá náà, pé kí ẹnikẹ́ni má baà já bọ́ ni wọ́n ṣe ń so okùn mọ́ wọn. Mo ní, ta ló rán wọn gùn ún? Ó ní kí n bi ọmọ mi. Háà, ara mi fúyẹ́! Mo jẹ kókò mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, mo kọrin títí ìyá rẹ fi ní kí n sinmi ariwo.

Ṣùgbọ́n n óò ṣì wá, nítorí ojú ara mi ni n óò fi rí ẹsẹ̀ rẹ lórí ilẹ̀. Tíṣà ti bá mi kọ fọ́ọ̀mù ìrìnnà. Níbi tí wọ́n ti béèrè bóyá mo ti ṣẹ̀wọ̀n rí, mo ní kó kọ ọ́ pé rárá, ọmọ mi náà kò ṣe é, ó kàn gun afárá ni. Jọ̀wọ́, fi owó ọkọ̀ òfuurufú àti ẹ̀wù òtútù ránṣẹ́. Má fi owó náà sí báńkì mi. Ọmọbìnrin ibẹ̀ ní n kò gbọdọ̀ sọ nọ́ńbà àṣírí mi fún ẹnikẹ́ni, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gba owó sì ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi; n kò sọ ọ́ fún un. Tíṣà ni kí o fi ránṣẹ́ sí.

Ẹsẹ̀ rẹ kò ní yọ̀. Wàá pẹ́ láyé, wàá fọwọ́ pa ewú. Má tún gun ohunkóhun o, títí n óò fi dé. Èmi Vaasili, bàbá rẹ, ń wọ ọkọ̀ ojú omi àárọ̀ kúrò ní erékùṣù Savaii wa lọ sí pápákọ̀ òfuurufú ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Keje.